Àwòrán Mọ́tò Eré Ìje Nílé Bàbá Jọ́ọ̀jì

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, kí n tó dé ilé Bàbá Jọ́ọ̀jì, pé ojú àwọn òkú ni màá máa nù láràárọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bàbá arúgbó kan ni, pé ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, pé kò sì fẹ́ lọ gbé nílé àwọn arúgbó. Wọ́n ní ilé rẹ̀ tóbi, abúlé kan tó jìnnà sí ìgboro ló wà, ibẹ̀ náà ni màá sì máa gbé. Mo dúpẹ́. Ẹni tó ti ń bá obìnrin mẹ́ta sùn nínú yàrá kan, tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, kì í béèrè bóyá ilé ńlá ní ìṣòro tirẹ̀.

Ọjọ́ tí mo wọlé ni mo rí wọn. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí àtẹ̀gùn, láti pálọ̀ dé yàrá ìjẹun, àwòrán ni gbogbo ògiri. Mọ́tò àtijọ́ ló wà nínú gbogbo wọn, irú èyí tí kò lórùlé, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti kẹ̀kẹ́. Àwọn ọkùnrin dé fìlà aláwọ, wọ́n fi gíláàsì bojú, wọ́n tẹ̀ síwájú, ẹrẹ̀ ń ta, eruku ń sọ, àwọn èrò ń sún sẹ́yìn létí ọ̀nà. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n, iṣẹ́ mi sì ni láti máa nu eruku kúrò lójú wọn láràárọ̀. Mo wá fọ́tò nínú wọn, kò sí. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun gbogbo rẹ̀.

"Ojúlówó ni gbogbo wọn," Bàbá Jọ́ọ̀jì wí. Orí àga ló wà, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú láàárín orúnkún méjèèjì. "Àádọ́ta ọdún ni mo fi kó wọn jọ. Mo ti lọ sí gbàǹjo níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù òkú, mo ti gun òkè àjà àwọn opó. Mi ò ra àwòrán rí àfi tí ẹni tó kùn ún bá dúró létí ọ̀nà lọ́jọ́ eré ìje náà, tí eruku bá òun náà."

Mo ní ó dára púpọ̀.

"Èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ ńkọ́, mọ́tò búlúù yẹn? Ọkùnrin tó ń wà á kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Kọ́nà tó tẹ̀ lé èyí tí o ń wò yẹn ló ti kú."

Mo yí ojú kúrò. Ọkùnrin inú mọ́tò búlúù náà ń rẹ́rìn-ín.

*

Olùkọ́ ni mí nílé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọkọ mi kú nígbà tí ọmọ wa, Mọ́rẹ́nikẹ́, wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ọdún kejì ni mo fa ọmọ náà lé ìyá mi lọ́wọ́ ní Ìjẹmọ̀, mo sì wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tọ́jú àwọn arúgbó. Ìwé ìgbélùú mi so mọ́ iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, àní lọ́jọ́ tí mo bá ń rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ ṣe mí bákan. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí láti ilé. Ìkíni ni. Ní Ìjẹmọ̀, kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, màá ti kí èèyàn bíi mẹ́wàá: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Níbí, màá rìn láti ibùdókọ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ìkíni á kún ẹnu mi, mi ò ní í rí ẹni gbà á. Lọ́jọ́ kan mo kí obìnrin kan tó ń nu wíńdò ilé rẹ̀ kú iṣẹ́, bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì mọ. Obìnrin náà wò mí tòkè-tilẹ̀, ó wá bi mí bóyá mo sọnù ni.

Bàbá Jọ́ọ̀jì ní kí n máa pe òun ní Jọ́ọ̀jì. Mo gbìyànjú, ó há mi lọ́fun. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin! Mo ní Bàbá ni màá máa pè é. Ó bi mí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, mo sì sọ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Fílípì, ọmọ mi gan-an, kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Jọ́ọ̀jì lòun náà ń pè mí."

*

Ojú rẹ̀ kò fọ́ tán. Àárín ohun tó bá ń wò gan-an ni kì í rí. Ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ló kù fún un. Ó lè rí férémù, kó má rí àwòrán. Nítorí náà, lọ́sàn-án ojoojúmọ́, lẹ́yìn tíì, á ní kí n gbé àga òun síwájú ọ̀kan nínú wọn, kí n máa sọ ọ́ fún òun.

"Mọ́tò pupa kan ń sáré," mo wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Irú pupa wo?"

"Pupa ṣáá, Bàbá."

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ pupa ṣáá. Má sọ ohun tí o mọ̀ fún mi. Sọ ohun tí o rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí òun gan-an ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo sún mọ́ àwòrán náà. Mo ní pupa rẹ̀ dà bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi pò, pé lábẹ́ rẹ̀ ó dà bí irin tó ti dógùn-ún, pé ẹni tó kùn ún yára gan-an, a sì lè rí irun búrọ́ọ̀ṣì kan tó lẹ̀ mọ́ ara táyà. Ó bi mí kí ni osùn. Mo ṣàlàyé. Ó mí kanlẹ̀.

"Ayàwòrán ni ọ́," ó wí.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí pé mo ti jẹ́ nǹkan kan kí n tó di ẹni tí ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún un nípa ìyá mi tó ń rẹ aró, bí a ṣe ń mọ aró tó ti tó nípa òórùn rẹ̀ kí ojú tó rí i. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán ni mo máa ń retí.

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù ní Sátidé.

"Ẹ káàsán ma, Màámi."

"Káàsán, ọmọ mi. Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì ni, ma."

"Ìrẹsì ṣáá lójoojúmọ́. Ṣé kò sí láfún níbẹ̀ ni?" Mo ń gbọ́ omi tó ń kán láti ara aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ròyìn ilé náà àtàwọn àwòrán rẹ̀.

"Àwọn tó fẹ́ kú lọ́jọ́ náà gan-an ni bàbá yìí ń rà jọ?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn, ma. Àwọn míì délé."

"Ẹni tó bá ń wo ewu lójoojúmọ́, tí kò lè kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá kó sí i, ara rẹ̀ á yigbì sí ewu. Máa ṣọ́ra nínú ilé yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní arúgbó tí kò ríran ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

*

Fílípì máa ń wá ní Sátidé méjì méjì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òun ló ń bá ilé-iṣẹ́ tó gbà mí sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú bàbá rẹ̀. Òun ló ń buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ mi. Ó máa ń mú kéèkì wá, á bèèrè Mọ́rẹ́nikẹ́, á sì pe orúkọ náà dáadáa, nǹkan tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe wàhálà lé lórí. Bó bá ń lọ, á gbé àwòrán kan tàbí méjì dání. Ó ní èéfín ibi ìdáná pálọ̀ ti ba ojú wọn jẹ́, ẹnìkan wà nílùú ńlá tó ń bá òun fọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á dá wọn padà, á sì gbé wọn kọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò kà á sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ní kí n gbé òun lọ sídìí àtẹ̀gùn, síwájú àwòrán eré ìje inú òjò. Mo ti sọ ìyẹn fún un rí. Mọ́tò aláwọ̀ ewé méjì ń bá ara wọn du ọ̀nà nínú òjò. Létí ọ̀nà, obìnrin kan gbé agboorùn, ọmọbìnrin kékeré kan sì dúró níwájú rẹ̀.

"Obìnrin yẹn, kí ni ọwọ́ rẹ̀ kejì ń ṣe?" Bàbá bèèrè. Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń fẹ́ gbọ́ ọ ni, bí ọmọdé tó ń fẹ́ gbọ́ àlọ́ tó ti mọ̀.

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ó di ọrùn ẹ̀wù ọmọ náà mú, ó ń fà á sẹ́yìn. Mo gbójú sókè láti sọ ọ́, mo sì rí i pé ọwọ́ náà kò sí níbẹ̀. Agboorùn wà, ọmọ wà, ẹrẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó di ọmọ náà mú.

"Ó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú," mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tó sùn lọ lórí àga, mo padà síbẹ̀. Mo fi imú kan ara àwòrán náà. Àwòrán tó ti pẹ́ kì í rùn, àfi òórùn eruku. Eléyìí ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn. Ojú àwòrán àtijọ́ máa ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ nígbà ọyẹ́. Eléyìí ń dán. Férémù rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ rí.

Mo lọ láti ògiri dé ògiri. Kí ó tó di pé Bàbá jí, mo ti rí márùn-ún. Ẹ̀kẹfà wà nínú yàrá ìjẹun, àwòrán kékeré kan tí eruku bo mọ́tò inú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé ni ìyẹn ti wà níbẹ̀. Mo ti máa ń rò pé ẹni tó kùn ún ni kò mọṣẹ́, torí eruku rẹ̀ mọ́ jù. Òun náà, ayédèrú ni. Kò rùn mọ́, ṣùgbọ́n ayédèrú ni.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Fílípì nìkan ló ń gbé wọn lọ, òun nìkan ló ń gbé wọn dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni àjèjì tó ń wọlé tó ń jáde nínú ilé yìí, èmi ni.

*

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta mo pe ìyá mi kí ó tó lọ sọ́jà Ìtòkú, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

"Ṣé o rántí ìgbà tí àdìrẹ oníẹ̀rọ kọ́kọ́ wọ Ìtòkú?" ó bi mí. "Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ ẹni tó ń kó o wọlé. Ó dákẹ́, ó ní kò kan òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ síta, ta ni wọ́n ní ó mọ̀ sí i?"

"Ọ̀rẹ́ yín, ma."

"Ẹni tó mọ̀, tó dákẹ́, òun àti ẹni tó ṣe é ni wọ́n máa ń kó pọ̀. Lọ sọ fún bàbá náà. Ohun tí wọ́n jí, tirẹ̀ ni."

Mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi. Mo ní, "Bàbá, mo purọ́ fún yín níjọ́sí. Obìnrin inú òjò yẹn kò di ọmọ náà mú." Mo sọ ìyókù.

Kò bú sókè, kò béèrè ohunkóhun nípa àwọn àwòrán náà. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé Fílípì mọ̀ pé o mọ̀?"

"Rárá, Bàbá."

"Má jẹ́ kó mọ̀."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé òun dé iwájú àwòrán inú òjò náà. "Sọ ọ́ fún mi," ó wí, "bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí kò sí lára ògiri ni mo ń sọ fún un. Mo wá di olùtọ́jú àwòrán tó ti lọ. Bí mo bá dá wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé náà, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo jókòó nínú mọ́tò tí ẹlòmíì ń wà, tí mo sì ti rí kọ́nà náà lọ́ọ̀ọ́kán.

*

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Fílípì kò gbé àwòrán kankan. Ó tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, ó fara ti ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ máa ń sọ tó bẹ́ẹ̀, ìwọ àti Jọ́ọ̀jì?"

"Àwọn mọ́tò náà ni."

"Ó sọ fún mi pé o mọ àwòrán yà. Pé o kọ́ ọ níléèwé nílé yín." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ò sọ fún mi rí."

Mo ní ó ti pẹ́.

"Kò yẹ kí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ìgbà wo ni ìwé ìgbélùú rẹ máa parí?"

Mo sọ fún un. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun á buwọ́ lu ìwé tí ilé-iṣẹ́ mi máa fi tún un ṣe. Nígbà tó padà wá, ó gbé àpótí kan fún mi. Ọ̀dà ló kún inú rẹ̀, ojúlówó ọ̀dà àwọn ayàwòrán, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi àti kánfáàsì mẹ́rin. Mi ò ní irú rẹ̀ rí láyé mi. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀, a máa ń pín búrọ́ọ̀ṣì kan láàárín ọmọ márùn-ún.

Mo gbàgbé ẹ̀rù. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ báyìí pé mo gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ya Ìjẹmọ̀ nínú yàrá mi lókè, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, àpáta lẹ́yìn rẹ̀, ìyá mi tó fi ọwọ́ aláró dí oòrùn lójú. Ọwọ́ mi ń rùn fún ọ̀dà, inú mi sì ń dùn. Mo yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sílé.

Ìyá mi pè mí lọ́gán. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí.

"Ọ̀dà yìí, ta ló rà á fún ọ?"

"Fílípì, ọmọ Bàbá ni, ma."

Mo gbọ́ ohùn Mọ́rẹ́nikẹ́ níbi tó ti ń ka ìwé sókè. Ìyá mi ní kó lọ síta.

"Ọmọ mi," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹni tó ń jí àwòrán, tó ń fi ayédèrú dípò rẹ̀, ló ra ọ̀dà fún ọ?"

Gbogbo nǹkan tí mi ò fẹ́ rò wá tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú mi. Lóòótọ́, Fílípì ti sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé obìnrin kan tó ń díye lé àwòrán ń bọ̀ ní ọ̀la, nítorí ìwé ìpín ogún bàbá òun.

"Màá dà á nù, Màámi. Màá dà gbogbo rẹ̀ nù báyìí."

"Bí o bá dà á nù, wọ́n á ní o fi pamọ́. Gbé e síta. Gbé e síbi tí ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ rí i. Kí o sì la ẹnu rẹ. Ìwọ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni."

*

Obìnrin náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá àti tọ́ọ̀ṣì kékeré dání. Àpótí ọ̀dà mi wà láàárín tábìlì pálọ̀, àwòrán Ìjẹmọ̀ fara tì í. Fílípì rí i bó ṣe wọlé. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ó sì tún padà sípò.

Wákàtí kan kò pé tí obìnrin náà fi padà sí pálọ̀. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní kò dùn mọ́ òun nínú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú àwọn àwòrán náà kì í ṣe ojúlówó.

Bàbá kò mira. Fílípì fọwọ́ borí. "Mẹ́fà?" Ó yí sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó dùn ún láti yí. "Ayàwòrán wà nínú ilé yìí. Òun nìkan ló ń bá bàbá mi gbé. Ẹ wo tábìlì yẹn. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e."

Mo wo Bàbá. Ọkùnrin tí mo ti ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo ti ń sọ ayé fún lọ́sàn-án ojoojúmọ́.

"Bàbá," mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Ó tẹ orí ba. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú láàárín orúnkún méjèèjì bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo dúró dè é. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe dúró dè é pẹ́ tó. Kò sọ nǹkan kan.

Nígbà náà ni mo la ẹnu mi. Gẹ̀ẹ́sì mi ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò dúró. "Ẹ̀yin lẹ ra ọ̀dà yìí fún mi," mo sọ fún Fílípì, "kò tíì pé oṣù kan." Mo yí sí obìnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ tún wo kékeré tó wà ní yàrá ìjẹun, èyí eléruku. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún mi bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti kùn ún."

Ó lọ. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi èékánná kan etí rẹ̀. "Ọ̀dà yìí ti gbẹ dénú," ó wí. "Ó ti tó ọdún mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà wo lo dé orílẹ̀-èdè yìí?"

"Oṣù mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ma. Ìwé ìrìnnà mi wà lókè."

Kò sẹ́ni tó tún wò mí. Fílípì ni gbogbo ojú ń wò, àní ojú Bàbá tí kò ríran.

Ìgbà náà ni Bàbá Jọ́ọ̀jì gbé orí sókè. "Èmi ni mo ní kó tà wọ́n," ó wí, ohùn rẹ̀ le, ó já geere. "Èmi ni mo ní kó ṣe ẹ̀dà wọn, kí ògiri má bàa ṣófo. Mo gbàgbé láti sọ fún yín. Arúgbó ni mí."

Obìnrin náà mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo wa la mọ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó kí wa, ó jáde.

Èmi dúró síbẹ̀. Ohun tó ń lù mí láyà kì í ṣe pé ó purọ́. Nígbà tí wọ́n dárúkọ mi, ó ya odi. Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ là.

*

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Fílípì ní kí ilé-iṣẹ́ mi mú mi kúrò. Wọ́n fún mi ní àkókò díẹ̀ kí n fi wá ẹlòmíì tó máa gbà mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n padà sílé. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo kàn mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, màá kọ́kọ́ yọjú lójú wíńdò kí n tó dáhùn. Ilé àwọn arúgbó kan nílùú míì ló gbà mí níkẹyìn, nítorí obìnrin kan níbẹ̀ tó jẹ́ ará Alábàtà nítòsí Òṣíẹ̀lẹ̀, tó bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀. Bó ṣe kọ́kọ́ rí mi, ó ní, "Ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà o." Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, Bàbá Jọ́ọ̀jì pè mí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Kò bèèrè bí mo ṣe wà.

"Sọ ọ̀kan fún mi," ó wí. "Èyíkéyìí tó bá wù ọ́."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo gbọ́ tó ń mí. "Ọmọ mi ni," ó wí nígbà tó yá. "Òun nìkan ni mo bí."

"Èmi náà, ọmọ ẹnìkan ni mí."

Mo rọra pa fóònù náà.

Kò pè mọ́. Nígbà tí nọ́ńbà ilé náà tún jáde lójú fóònù mi, oṣù méjì ti kọjá. Mo gbé e, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ fún un wà lẹ́nu mi. Fílípì ló dáhùn.

"Jọ́ọ̀jì kú ní Wẹ́sìdeè," ó wí. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ó fi àwòrán kan sílẹ̀ fún ọ nínú ìwé ìpín ogún rẹ̀. Màá fẹ́ gbé e wá fún ọ fúnra mi. Níbo gan-an lo ń gbé báyìí?"

Mo jókòó. Mo rò ó bóyá ojúlówó ni yóò gbé wá tàbí ayédèrú, àti bóyá ọlọ́pàá ni yóò tẹ̀ lé àwòrán náà wá sí ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kejì, láti sọ pé mo jí i. Mo rò ó pé Bàbá rántí mi kó tó kú. Omi gba ojú mi nítorí ìyẹn, mi ò sì jẹ́ kó gbọ́ ọ lóhùn mi.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín," mo wí.

"Tìrẹ ni. Ó ṣe iyebíye. Kí ló dé?"

"Mi ò tíì ní ògiri nílùú yìí," mo wí, mo sì pa fóònù náà kó tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì pé níbo ni mò ń gbé.